Báwo ni ọmọ Badagry ṣe máa bá ará Köln ṣọdún Kérésì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Badagry ni èmi àti ọkọ mi ti wá, ìlú Köln ní Jámánì la wà báyìí pẹ̀lú àwọn ìbejì wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, àti àbúrò wọn, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ní Kérésì tó kọjá, mo jí ní ìdájí, mo se ìrẹsì ìkòkò ńlá, mo dín ẹran, mo wọ aṣọ tuntun fún àwọn ọmọ. A jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn wa. Ìgboro dá páropáro. Àwọn ọmọ ń bi mí pé ṣé àwọn ará ibí kì í ṣọdún ni. Mo fẹ́ kí gbogbo wa nínú ilé mọ àṣà ọdún tiwọn, kí àwọn ọmọ má máa ṣe bí àlejò níbi tí wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí wọ́n gbàgbé tilé. Ọkọ mi tún ń bẹ̀rù pé ti ìjọ Àgùdà ló pọ̀ nínú àṣà wọn, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì sì ni wá. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?
Ìyá Ìbejì, Köln

Ìdáhùn: Ẹ kú àjò o, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀jìrẹ́ á dàgbà, àbúrò wọn náà á dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọkàn yín balẹ̀. Àwọn ará Köln ṣọdún. Wọ́n ti ṣe é tán kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná ni. Lọ́dọ̀ wa ní Badagry, ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ni ọdún, ìta sì ni ọdún wà. Lọ́dọ̀ tiwọn, alẹ́ ọjọ́ 24 ni, inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é, àwọn ara ilé nìkan ló sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Ohun tó ṣáájú alẹ́ yẹn ni àlejò kì í tètè rí. Láti oṣù Kọkànlá ni wọ́n ti ń múra, tí wọ́n ń retí, tí wọ́n ń yan bisikíìtì, tí wọ́n ń tan àbẹ́là kan tẹ̀ lé òmíràn. Inú ìretí yẹn ni àṣà wọn pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà sì ni àyè wà fún àlejò láti wọlé. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ 25 kó tó máa wá ọdún kiri ní Köln, ilẹ̀kùn títì ló máa bá.

Mo tọ́ ọmọ ní agbègbè odò Rhine yẹn, mo sì ṣiṣẹ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi níbẹ̀ kí n tó padà sílé. Ohun tí mo ń sọ fún yín yìí ni mo máa ń sọ fún ìdílé tó bá fẹ́ ti etí ọ̀sà wa yìí lọ sí Jámánì. Ní Badagry, ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Kérésì, àwọn ará àdúgbò á rò pé ó ń ṣàìsàn tàbí pé ó ń bínú. Abọ́ ìrẹsì tí wọ́n fi abọ́ mìíràn dé gbọ́dọ̀ dé ilé Alhaji, torí ẹran Iléyá tiwọn ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀ á wọlé wá pẹ̀lú aṣọ tuntun àti awò ojú oníke, á kí yín kú ọdún, ẹ ó bu oúnjẹ fún un, ẹ ó fún un lówó, á gba ilé kejì lọ. Ní Köln, ilẹ̀kùn títì lálẹ́ ọdún fi hàn pé ara ilé pé. Kò sí ìkórìíra níbẹ̀. Ẹ là á yé àwọn ìbejì bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì tètè ṣe é, torí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè gbé e sọ́kàn pé nítorí àwọ̀ wa ni wọn ò ṣe wá kí wa. Kí irú èrò yẹn wọ ọmọ lára burú ju kí ìrẹsì ṣẹ́kù lọ.

Ibi tí màá fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kì í tilẹ̀ ṣe Kérésì. Ọjọ́ Martin Mímọ́ ni, 11 oṣù Kọkànlá. Martin jẹ́ ṣọ́jà Róòmù tó fi idà gé aṣọ òtútù rẹ̀ sí méjì, tó fún alágbe kan ní ìdajì; nígbà tó yá, ó di bíṣọ́ọ̀bù ìlú Tours ní ilẹ̀ Faransé. Ní agbègbè tí ẹ wà yẹn, àwọn ọmọdé fẹ́ràn ọjọ́ rẹ̀ gan-an. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọmọ kọ̀ọ̀kan á gbé àtùpà oníbébà tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, wọ́n á tò tẹ̀ lé ẹnì kan tó múra bíi Martin lórí ẹṣin, wọ́n á máa kọrin lọ títí wọ́n á fi dé ibi tí wọ́n dá iná ńlá sí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pín Weckmann, búrẹ́dì dídùn tí wọ́n ṣe bí ọmọ ènìyàn. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, àwọn ọmọ tún máa ń gbé àtùpà yẹn láti ilé dé ilé, wọ́n á kọrin, wọ́n á gba súìtì. Kò sí ọmọ Badagry tó máa nílò ẹni tó máa kọ́ ọ ní ìyẹn.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé iléèwé ló ń ṣètò rẹ̀ jù, iléèwé sì máa ń wá ọwọ́ àwọn òbí. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, olùkọ́ á ti bèèrè ẹni tó lè wá bá wọn gé bébà, ẹni tó lè gbé tíì gbígbóná wá, ẹni tó máa dúró sí oríta kí mọ́tò má bàa kọ lu àwọn ọmọ. Ẹ gba iṣẹ́, Ìyá Ìbejì. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi nìyẹn. Lọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì, ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ níbi àpéjọ ti di ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n á mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n á pè é lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan tó ń fi fóònù ya àwòrán, wọ́n á kí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, á sì padà sílé gẹ́gẹ́ bí àlejò tó ti wá.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan ṣá o. Ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ 11 yẹn kan náà ni Köln ń ṣí àsìkò Kánífà rẹ̀. Àárín ìlú á kún fọ́fọ́ fún àwọn tó wọ aṣọ eré, tí wọ́n sì ti mu ọtí yó. Ẹ má kó àwọn ọmọ gba ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àdúgbò yín ni kí ẹ ti gbé àtùpà. Iléèwé mìíràn tilẹ̀ máa ń gbé tiwọn sí alẹ́ ọjọ́ mìíràn nítorí èyí.

Lẹ́yìn náà ni Ádífẹ́ǹtì, ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin tó ṣáájú Kérésì. Ẹ ó rí i lórí tábìlì wọn: ewé igi tútù tí wọ́n ká bí òṣùká, àbẹ́là mẹ́rin lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi kìíní wọ́n á tan ọ̀kan, ní ìkejì wọ́n á tan méjì, títí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi máa jó. Ọkọ yín á fẹ́ gbọ́ èyí: ọwọ́ ìjọ Àgùdà kọ́ ni àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Johann Hinrich Wichern, ẹni ìjọ Luther, ló gbé e kalẹ̀ ní Hamburg ní 1839, nínú ilé tó ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tálákà. Àwọn ọmọ ń da á láàmú pé Kérésì kù ọjọ́ mélòó, ló bá to àbẹ́là sórí àgbá kẹ̀kẹ́ kan, kéékèèké fún ọjọ́ iṣẹ́, ńláńlá mẹ́rin fún ọjọ́ Ìsinmi, kí wọ́n lè máa kà á fúnra wọn. Àwọn Àgùdà gbà á lọ́wọ́ wọn nígbà tó yá. Ẹ ṣe é nílé yín. Kò náni lówó púpọ̀, kò sì dìgbà tí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni kí ẹ tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ewé yẹn máa ń gbẹ, ó sì máa ń tètè gbiná. Ẹ má fi àbẹ́là títàn sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́rin.

Àwọn ọmọ yín á tún fẹ́ kàlẹ́ńdà Ádífẹ́ǹtì, èyí tó ní ilẹ̀kùn kéékèèké 24, tí wọ́n ń ṣí ọ̀kan lójúmọ́ láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá. Wọ́n ń tà á ní gbogbo ìsọ̀ pẹ̀lú ṣokoléètì nínú. Mo fẹ́ràn kí ẹ fọwọ́ ṣe é jù. Ẹ rán àpò kéékèèké 24, ẹ kọ nọ́ńbà sí i, ẹ fi ṣin-ṣín tàbí ẹ̀pà sínú rẹ̀, kí ẹ sì fi bébà kékeré kan sí i tí ẹ kọ orúkọ ẹbí kan ní Badagry sí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde ni wọ́n máa pè lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ó tó di ọjọ́ 24, àwọn ọmọ yín á ti gbọ́ ohùn ẹbí tí ẹ̀yin pàápàá ti pẹ́ tí ẹ ti bá sọ̀rọ̀. Àṣà Köln ni, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti Badagry. Irú rẹ̀ ni mò ń fẹ́ fún yín, ju kí ẹ pín ọdún sí méjì, kí ẹ ní èyí jẹ́ tiwa, èyí jẹ́ tiwọn.

Alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, kí àwọn ọmọ fọ bàtà wọn dáadáa, kí wọ́n gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Láàárọ̀ ọjọ́ 6, wọ́n á bá ẹ̀pà, ọsàn kéékèèké àti ṣokoléètì nínú rẹ̀. Nicholas, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Myra, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Tọ́kì lónìí, ni wọ́n fi ń rántí. Ẹ má ra nǹkan ńlá. Kékeré ni ẹwà rẹ̀.

Ọjà Kérésì ńkọ́? Gbogbo ènìyàn ló máa júwe rẹ̀ fún yín, pàápàá ti ẹ̀gbẹ́ kàtídírà. Ẹ lọ, ẹ jẹ Reibekuchen, pòtétò rírin tí wọ́n dín, tí wọ́n fi ápù lílọ̀ jẹ, kí àwọn ọmọ mu ohun mímu gbígbóná tí kò ní ọtí nínú, kí ẹ dá ife padà kí ẹ lè gba owó tí ẹ fi lélẹ̀ lórí rẹ̀. Oníbàárà ni ènìyàn ń jẹ́ níbẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí èmi máa fẹ́ kí ẹ kó àwọn ọmọ lọ ni ṣọ́ọ̀ṣì Maria Lyskirchen, nítòsí odò. Wọ́n máa ń to ère ìbí Jésù síbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe olùṣọ́ àgùntàn nìkan ló yí ibùjẹ ẹran ká. Àwọn ará àdúgbò náà láyé àtijọ́ ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, mẹ̀kúnnù, aláìnílé, àwọn tí ìlú ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ẹ bi àwọn ìbejì pé tó bá jẹ́ Badagry ni wọ́n ti gbẹ́ ère yìí, àwọn wo ni ì bá wà níbẹ̀? Apẹja, alágbọn, ọlọ́kadà? Ẹ jẹ́ kí wọ́n yà á sórí bébà nígbà tí ẹ bá délé.

Mo dárúkọ alágbọn, àgbọn ló sì máa mú yín wọlé àwọn aládùúgbò. Ní Ádífẹ́ǹtì, ilé gbogbo ń yan bisikíìtì, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ síra wọn nínú àpò kékeré. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Kokosmakronen, àgbọn ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ lu funfun ẹyin mẹ́rin títí á fi le, ẹ máa da gíráàmù 200 ṣúgà sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ ro gíráàmù 200 àgbọn gbígbẹ rírin pọ̀ mọ́ ọn, ẹ fi ṣíbí bù ú sórí pèpéle ófúùnù, kí ó wà nínú iná 150°C fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ará Badagry mọ àgbọn. Ẹ di í sínú àpò, kí àwọn ìbejì gbé e lọ bá ayálégbé òkè àti ti ìsàlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì Ádífẹ́ǹtì, kí wọ́n fún wọn, kí wọ́n kí wọn, kí wọ́n máa bọ̀. Kí wọ́n má jókòó. Tí nǹkan bá padà wá sí ẹnu ọ̀nà yín lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà ti là.

Ó wá di ọjọ́ 24. Àwọn ìsọ̀ á tilẹ̀kùn ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Ọjọ́ 25 àti 26 jẹ́ ìsinmi, ìsọ̀ tó máa ṣí kò tó nǹkan. Bí ọjọ́ Àìkú bá tún tẹ̀ lé e, ọjọ́ mẹ́ta gbáko nìyẹn. Ata, tòmátì, ẹran, epo, ẹ ra gbogbo rẹ̀ kó tó di ọjọ́ 23. Lọ́sàn-án ọjọ́ 24, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, ti Àgùdà àti ti Pùròtẹ́sítáǹtì, máa ń ṣe ìsìn ọmọdé pẹ̀lú eré ìbí Jésù. Kò sí ẹni tó máa bèèrè ìjọ yín. Ẹ tètè dé, torí àwọn tí kì í wá ní gbogbo ọdún ló ń wá lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn ìsìn, oníkálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kì í ṣe igi Kérésì lọ́ṣọ̀ọ́ títí di ọjọ́ náà. Wọ́n á ti yàrá, agogo kékeré á dún, àwọn ọmọ á wọlé, wọ́n á bá ẹ̀bùn lábẹ́ igi. Oúnjẹ alẹ́ yẹn lè yà yín lẹ́nu: pòtétò tútù àti sọ́séèjì ni ọ̀pọ̀ ilé ń jẹ, kí ìyá ilé má bàa dúró sídìí iná. Ọjọ́ kejì ni pẹ́pẹ́yẹ yíyan ń jáde.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ìbejì nípa nǹkan kan. Ní agbègbè yín, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń sọ fún ọmọ pé Christkind, Jésù ọmọ jòjòló, ló gbé ẹ̀bùn wá, kì í ṣe baba onírùngbọ̀n tó wọ aṣọ pupa. Ohunkóhun tí ẹ bá sọ fún àwọn ọmọ tiyín nílé, kí wọ́n má lọ tú u fún ọmọ ọlọ́mọ níléèwé. Ìjà òbí ló máa ń dà.

Nípa ẹ̀rù tó ń ba bàbá wọn: ẹ rán wọn létí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú wa. Thomas Birch Freeman, ará Mẹ́tọ́díìsì bíi tiyín, gúnlẹ̀ sí Badagry ní 24 oṣù Kẹsàn-án 1842. Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, dé lóṣù Kejìlá ọdún kan náà. Freeman ti lọ sí Abẹ́òkúta. Nígbà tó padà dé sí Badagry, ó kù ọ̀la kí ó jẹ́ Kérésì, ó bá Townsend níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ṣọdún náà. Ìjọ kan kọ́ ni wọ́n, ilẹ̀ àjèjì ni Badagry sì jẹ́ fún àwọn méjèèjì. Kérésì tí à ń pè ní tiwa yìí, àlejò ni lójú ọ̀pọ̀ onílùú nígbà yẹn. Ìlú ló gbà á, tó fi ìrẹsì sí i, tó fi ìlù sí i, tó fi ìbẹ̀wò sí i. Ẹ̀yin náà lè gba nǹkan kí ẹ sì fi tiyín sí i. Gbígbé àtùpà lọ́jọ́ Martin kì í ṣe àdúrà sí Martin. Ohun tí ọkàn yín kò bá sì gbà, ẹ yẹra fún un pẹ̀lú ẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó máa bínú.

Ìrẹsì ìkòkò ńlá yẹn ńkọ́? Ẹ má pa á tì o. Ọjọ́ 26 ni ọjọ́ rẹ̀. Àwọn ará Jámánì ń pè é ní ọjọ́ Kérésì kejì, ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń jáde lọ kí ara wọn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ kọ ìwé ìpè kékeré fún ìdílé méjì tàbí mẹ́ta, àwọn tí bisikíìtì yín ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ kọ aago tí ẹ fẹ́ kí wọ́n dé, ẹ kọ aago tí yóò parí. Lójú tiwa, ó dà bí ẹni ń lé àlejò. Lójú tiwọn, ó ń fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Kí ata inú ìrẹsì náà mọ níwọ̀n, kí ẹ gbé ata díndín sí ẹ̀gbẹ́ fún ẹni tó bá láyà. Kí gbogbo yín wọ aṣọ tuntun. Kí àwọn ìbejì bu oúnjẹ sábọ́, kí wọ́n fi abọ́ dé e, kí wọ́n gbé e lọ fún àgbàlagbà tó ń dá gbé nínú ilé yín. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹnì kan sábà máa ń wà tí ara ilé rẹ̀ kò pé lálẹ́ ọdún.

Ọdún ò tíì tán ní Köln. Láti 1164 ni wọ́n ti gbé egungun tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ ti àwọn amòye mẹ́ta láti Milan wá síbẹ̀. Inú àpótí oníwúrà nínú kàtídírà ló wà, adé mẹ́ta sì wà lórí àmì ìlú náà nítorí wọn. Ní àwọn ọjọ́ tó yí 6 oṣù Kìíní ká, àwọn ọmọdé á múra bí ọba, wọ́n á gbé ìràwọ̀ dání, wọ́n á máa kọrin láti ilé dé ilé, wọ́n á gba owó fún àwọn ọmọ tí nǹkan ò dẹrùn fún nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n á sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìbùkún sókè ilẹ̀kùn. Ti ọdún 2026 rí báyìí: 20*C+M+B+26. Ìtumọ̀ lẹ́tà mẹ́ta náà ní èdè Látìn ni pé kí Kristi bùkún ilé yìí. Ọ̀pọ̀ ìjọ ló ń gba ọmọ ìjọ mìíràn sínú ẹgbẹ́ akọrin yìí, àwọn ìbejì sì ti tó ọjọ́ orí rẹ̀. Láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti ń kun ojú ọ̀kan nínú àwọn ọba náà dúdú ní ibi púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ ti jáwọ́ nínú rẹ̀, àwọn kan ò tíì jáwọ́. Èmi ò fara mọ́ ọn, mo sì gbà pé ó yẹ kí òbí aláwọ̀ dúdú sọ ọ́ jáde. Ẹ bá olùdarí àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀ lóṣù Kọkànlá, nígbà tí wọ́n ń yan aṣọ, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Tó bá di oṣù Kìíní lẹ́nu ilẹ̀kùn, ojú àwọn ọmọ tí kò mọ nǹkan kan ni ọ̀rọ̀ náà máa dé.

Ẹ má ṣe gbogbo èyí lọ́dún kan. Àtùpà Martin, àbẹ́là mẹ́rin, àpò 24 àti àlejò ọjọ́ 26 ti tó fún ọdún yìí. Ẹ kọ̀wé sí olùkọ́ àwọn ìbejì lọ́sẹ̀ yìí pé ẹ fẹ́ bá wọn ṣe àtùpà. Ní alẹ́ ọjọ́ 24, kí ẹ tó jẹun, ẹ pe ìyá àgbà wọn ní Badagry. Lásìkò òtútù, aago Jámánì àti ti Nàìjíríà dọ́gba, tó bá ti di aago mẹ́fà lọ́dọ̀ yín, mẹ́fà náà ni lọ́dọ̀ Màmá. Ẹ ti sọ fún wọn láàárọ̀, kí wọ́n lè gba iná sí fóònù wọn kí iná tó lọ.